Òkòtó Tí A Wá Dé Orí Òkè Ìdáàṣà

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Àwa mọ́kàndínlógún ni a jọ lọ, gbogbo wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Àwọn kan nínú wa jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn kan jẹ́ ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo sì jẹ́ ọmọ Ìdáàṣà. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé wa kúrò lórí òkè Ìdáàṣà lọ́jọ́ náà. A kò jalè, a kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló kó bá wa.

Àṣìṣe kékeré ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ibi méjì ni ó yẹ kí a dé: àwọn òkè Ìdáàṣà, tí ìwé ìjọba ń pè ní Dassa-Zoumè, àti Onígbólò nítòsí Pobè, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta funfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹni tó tẹ ìwé ètò ìrìn àjò wa kó ìlà méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tó jáde ni pé a óò lọ wo ògiri iyùn àtijọ́, èyí tí àwọn ẹranko inú òkun kọ́, ní àwọn òkè Ìdáàṣà. Kò sí ẹni tó bèèrè. Ọmọ Ìdáàṣà tó wà láàrin wa ni inú rẹ̀ dùn jù. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sùn ní Kútọnu, ó ní àwọn àgbà ilé àwọn kò sọ fún òun rí pé òkun ti dé ìlú àwọn, ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti sọ ọ́, á jẹ́ pé àwọn àgbà ni kò mọ̀.

Olùkọ́ wa rí àṣìṣe náà. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Láti Kútọnu dé Ìdáàṣà tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì yóò rí i bó ṣe ń yí padà. Ní agbègbè Bohicon àti Àgbómẹ̀, ilẹ̀ pupa ni, ó tẹ́jú, ó sì rọ̀ láti kọ ebè sí. Kò pẹ́ tí a kọjá ibẹ̀ ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí nínú oko, ọ̀kan níbí, méjì lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì kó o jọ ní òkìtì òkìtì fún àwọn tó ń kọ́lé. Nígbà tó yá, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní iwájú wa, gbọ̀ǹgbọ̀ràn, orí wọn pá bí orí àgbà. A ti dé Ìdáàṣà.

Ẹ mọ ìtàn ìlú náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé ọ̀nà Ẹ̀gbá ni Jagun Olófin, baba ńlá àwọn ọba wọn, ti wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àwọn ìdílé ọba náà ní Ọmọ Jagun. Nígbà tí ọmọ ogun Dàhómì ń kó àwọn ènìyàn lẹ́rú, orí òkè wọ̀nyí àti inú ihò àpáta wọn ni àwọn ará Ìdáàṣà sá sí. Lónìí, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń rọ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdọọdún, láti gbàdúrà níbi ihò àpáta Arígbó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta lè gba ènìyàn là, kó bi àwọn ará Ìdáàṣà.

Bàbá kan ni ọmọ Ìdáàṣà wa bẹ̀ pé kí wọ́n mú wa gun òkè lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yá ju tiwa lọ. Ìdáàṣà ni wọ́n ń sọ. Àwa tí a wá láti Ìbàdàn kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nígbà tó yá, etí wa ṣí. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti ìyá àgbà tó ti pẹ́ ní oko: a gbọ́ ọ, a kàn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a ti dé orí òkè ni a fọ́nká. Àwọn kan dojú bolẹ̀, àwọn kan ń fi awò wo ara àpáta, àwọn kan ń fi òòlù gbá etí òkúta. À ń wá ìkarahun, à ń wá ohunkóhun tí yóò jọ ẹranko. A wá títí oòrùn fi dé àtàrí, a kò rí nǹkan kan. Bàbá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò wá. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ sọ nù?"

Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Bàbá, fọ́sìlì ni."

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

A wo ojú ara wa. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ ọ́n ní Faransé. Nínú àwa mọ́kàndínlógún, kò sí ẹni tó ti sọ ọ́ ní Yorùbá rí. Ọmọbìnrin kan, ọmọ Kétu, sọ pé, "Bàbá, egungun ni. Egungun àwọn tó ti kú tipẹ́." Ẹlòmíràn sì fẹ́ tún un ṣe. Ó ní, "Iyùn náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ìwé sọ pé iyùn àtijọ́ wà lórí òkè yín."

Ojú Bàbá yí padà. Wọ́n dìde. Wọn kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn wọn le. Wọ́n ní orí òkè yìí ni àwọn baba wọn sá sí nígbà ogun, àwọn mìíràn kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé ọmọ ilé ìwé ni wá. Ẹni tó bá wá hú sàréè, tó wá ń wá egungun òkú àti iyùn tó wà lọ́rùn òkú, kó máa bọ̀ nílẹ̀ kíákíá kí ọ̀rọ̀ tó dé ààfin.

Ọmọ Ìdáàṣà wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí àpáta gbígbóná. Gbogbo àwa ọkùnrin tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, bí a ṣe ń ṣàlàyé ni a tún ń bà á jẹ́. Ẹ wò ó, a ti yege ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ yìí. A lè ya àwòrán rẹ̀, a lè to àwọn sáà ayé sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ fún bàbá kan tó ń gbọ́ èdè wa pé a kì í ṣe olè.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ wa dá sí i. Wọ́n bẹ Bàbá, wọ́n sì wá ibi tí wọ́n jókòó sí nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, kì í ṣe egungun ènìyàn. Ẹ̀dá inú omi ni, bí ìgbín àti ẹja. Ó kú, ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó pẹ́ títí ó fi di òkúta. Òun ni àwọn ọmọ yìí ń wá."

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ òkè lọ títí, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Omi kò dé ibí."

Olùkọ́ wa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Omi kò dé ibí. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i ni."

Àṣé Bàbá ti mọ ohun tí ìwé wa kò mọ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa ti ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ní Yorùbá, nítorí Bàbá. Àwa náà tẹ́tí sílẹ̀ ju bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì lọ.

Wọ́n ní òkúta Ìdáàṣà kì í ṣe ọmọ omi, ọmọ iná ni. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńlá ńlá kọ lu ara wọn ní agbègbè wa yìí, òkè gíga sì hù láti ibẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkúta yọ́ bí òrí ṣe ń yọ́ nínú agbada, ó sì rọra ń dì padà. Nítorí pé ó pẹ́ kó tó dì, hóró inú rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè rí i: funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, àti dúdú tó ń dán. Àwọn òkúta mìíràn kò yọ́ tán, ooru àti ìnira kàn tẹ̀ wọ́n pọ̀ ni, wọ́n wá ní ìlà bí aṣọ òfì. Lẹ́yìn náà, òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń họ òkè gíga náà díẹ̀díẹ̀ fún àìmọye ọdún. Ohun tí à ń pè ní òkè Ìdáàṣà lónìí, ìdí òkè àtijọ́ ni. Nígbà tí òkúta náà dì, kò tíì sí ẹranko oníkarahun kankan nínú òkun ayé. Ká tilẹ̀ sọ pé ó wà, iná yẹn kò ní jẹ́ kí ìkarahun rẹ̀ ṣẹ́ kù.

Bàbá mi orí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé ó le, àwọn kò kàn mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n wá mú wa káàkiri. Wọ́n fi ibi tí omi òjò máa ń dúró sí hàn wá. Wọ́n fi ojú ọlọ hàn wá lára àpáta, ibi tí àwọn obìnrin ìgbà ogun ti ń lọ ọkà títí àpáta fi jẹ kòtò. Wọ́n fi òkúta tó dára fún ọlọ àti èyí tí yóò máa yọ iyanrìn sínú ọbẹ̀ hàn wá, hóró inú èyí àkọ́kọ́ wẹ́, ti ìkejì sì tóbi. Ohun tí a fi ọdún méjì kọ́ nípa bí hóró ṣe ń tóbi tàbí kéré, àwọn ìyá wọn ti ń fi ṣe oúnjẹ.

Ọmọ Abẹ́òkúta tó wà láàrin wa ní irú òkúta Olúmọ nìyí. Òótọ́ ni. Òkúta Olúmọ àti ti Ìdànrè náà jẹ́ ọmọ iná. Ẹ rò ó wò: ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ. Ọmọ ogun Dàhómì gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, àwọn kan náà tó ń lépa àwọn ará Ìdáàṣà. Ọmọ ìyá méjì sá sẹ́yìn òkúta irú kan náà, ọ̀tá kan náà ló sì gbógun ti àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹta, a sọ̀kalẹ̀ padà sí gúúsù, a gba Àjàṣẹ́ àti Ìṣàkété dé Pobè, a sì dé Onígbólò. Kò sí òkè níbẹ̀. Kòtò ni, ó fẹ̀, ó jìn. Wọ́n gbà wá láyè láti dúró ní etí kan, kí a sì wo òkìtì òkúta tí wọ́n ti kó jáde. Òkúta ibẹ̀ funfun, ó pọ́n díẹ̀, kò sì le tó ti Ìdáàṣà. A kò tíì tẹ̀ ba tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí igbe fi ta. Ìkarahun ni! Òmíràn pẹlẹbẹ bí èékánná, òmíràn lọ́ bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Ọmọ Ìdáàṣà wa mú ọ̀kan dání, kò sọ̀rọ̀.

A bi olùkọ́ wa pé kí ló dé tí òkòtó náà fi jẹ́ òkúta látòkè délẹ̀, tí a kò rí ìkarahun gan-an. Wọ́n ní kí a rántí ọ̀lẹ̀lẹ̀ inú agolo, tí àwọn ará Èkó ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Bí a bá yọ agolo kúrò, ọ̀lẹ̀lẹ̀ á ṣì ní ìrísí agolo. Ẹrẹ̀ ló kún inú ìkarahun, ẹrẹ̀ náà di òkúta, omi inú ilẹ̀ sì yọ́ ìkarahun lọ. Ohun tó kù ni ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Wọ́n tún tún ọ̀rọ̀ iyùn ṣe fún wa. Iyùn tí ọba ń fi sọ́rùn, ara líle tí àwọn ẹranko kéékèèké inú òkun kọ́ ni. Àwọn ìbátan wọn ló ń kọ́ ògiri ńlá ńlá sínú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri iyùn nìkan ló ń di òkúta funfun. Ìkarahun, ewéko òkun tí ara rẹ̀ le, àti àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí ló pọ̀ jù nínú irú òkúta yìí. Gbogbo wọn kú sí ìsàlẹ̀ òkun kan tí kò jìn, ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì bo ibi tí Pobè wà. Òkun náà dé Onígbólò, kò dé Ìdáàṣà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa nìyí. Òkúta yẹn kò tán sí Onígbólò. Òun kan náà ló wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé jáde ní 1977 lórí àwọn ẹ̀dá tó di òkúta ní Ewékorò. Irú rẹ̀ tún wà ní Tabligbo ní Tógò. Àwọn onímọ̀ kò fi ibodè pín in. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ náà sí, láti Gánà títí dé ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ Dahomey pè é. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láàrin wa. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Onígbólò, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà ló jọ fi owó sí i. Ilé tí ẹ jókòó sí bí ẹ ti ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí òkòtó àtijọ́ wà nínú ògiri rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta ló ń ká wa lára jù nígbà tí a padà délé. Ojú Bàbá ni. Ká ní olùkọ́ wa kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́, à bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà bí olè, Bàbá á sì máa sọ ọ́ títí ayé pé àwọn ọmọ yunifásítì wá hú sàréè. À ń sọ pé èdè kan ni wá, ibodè kò lè pín wa. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ dé, àwọn kan wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wọ inú Faransé, a fi Bàbá sílẹ̀ lóde. Ẹ̀bi wa ni. Èdè kò ṣẹ̀ wá, nítorí Bàbá kò ní kí a wá ọ̀rọ̀ tuntun, àlàyé ni wọ́n béèrè.

Nígbà tí ọmọ Ìdáàṣà wa lọ sílé fún ìsinmi, a fi òkòtó kan rán an sí Bàbá. Ó ní wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n yí i, wọ́n fi èékánná họ ọ́, wọ́n sì gbé e sí ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ta á. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Òkòtó rèé. Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, òkòtó olókùúta ni àwa ń pe irú èyí tó lọ́. Ẹ̀dá tó di òkúta ni a ń pe gbogbo wọn lápapọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Ewékorò, ẹ̀yin ará Onígbólò, ẹ̀yin Ọ̀họ̀rí, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ oko lórí òkúta yìí kí ilé iṣẹ́ tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín: nígbà tí ọkọ́ bá gbé irú rẹ̀ jáde nínú ebè, kí ni wọ́n máa ń pè é?